ÀLÀYÉ: Bí ẹ ṣe lè tọpinpin iṣẹ́ tí ìjọba ní òun ń ṣe ní àdúgbò yín

Ẹ ti lè rí irú pátákó yìí rí. Orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba kan wà lórí rẹ̀, orúkọ àti fọ́tò aṣòfin kan náà wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ omi tàbí yàrá ìkàwé mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀dà pátákó náà ti ń ṣí, koríko ti hù yí i ká, omi kò sì tíì yọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ á bẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp. Ẹnì kan á ní àádọ́ta mílíọ̀nù náírà ni aṣòfin náà kó jẹ. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni. Ẹnì kẹta á fi fọ́tò ilé ẹ̀kọ́ kan tó ti wó ránṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé kò sí ní ìpínlẹ̀ náà rárá.

Nínú gbogbo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ tó rí ẹni tó ti kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé náà ni àlàyé yìí dá lé lórí: ibi tí ẹ ti lè rí ohun tí ìjọba ṣèlérí, ẹni tó yẹ kí ẹ kọ̀wé sí, ohun tí òfin sọ pé kí ó ṣe tó bá gba ìwé yín, àti bí ẹ ṣe lè sọ ohun tí ẹ bá rí fún aráyé láì ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Kì í ṣe àṣejù ni ẹ ń ṣe tí ẹ bá béèrè. Abala 24 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kà á mọ́ ojúṣe ọmọ orílẹ̀-èdè pé kí ó kó ipa tó dára nínú ìlọsíwájú àdúgbò tí ó ń gbé. Àdúgbò tí ó ń gbé ni òfin sọ o, kì í ṣe ìlú tí wọ́n bí i sí nìkan. Àlejò tó ń sanwó ilé ní Kano tàbí Port Harcourt lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bí onílé ṣe lẹ́tọ̀ọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bagega

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, àwọn dókítà àjọ Médecins Sans Frontières, tí a mọ̀ sí MSF, ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọdé ń kú ní àwọn abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Zamfara. Òjé ló ń pa wọ́n. Àwọn ará ibẹ̀ ń wa góòlù, wọ́n sì máa ń gbé òkúta tí góòlù wà nínú rẹ̀ wá sílé láti fọ́ ọ kí wọ́n sì lọ̀ ọ́. Òjé pọ̀ nínú òkúta yìí. Eruku rẹ̀ balẹ̀ sí àgbàlá, ó bá oúnjẹ, ó bá omi, àwọn ọmọ kéékèèké tó ń fi ọwọ́ kan ilẹ̀ tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ náà sẹ́nu ló sì ń rí i jẹ jù. Ó kéré tán, 400 ọmọ ló kú.

Oògùn tó lè fa òjé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n MSF sọ pé kò sí èrè nínú kí àwọn tọ́jú ọmọ kan kí ó sì tún padà sí àgbàlá tí eruku òjé kún. Ilẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ mọ́. Wọ́n fọ abúlé méje mọ́ láàrín ọdún 2010 sí 2011. Abúlé kẹjọ ni Bagega, ní ìjọba ìbílẹ̀ Anka. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ dúró sí, nítorí pé owó kò sí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí 850 mílíọ̀nù náírà fún ọ̀rọ̀ òjé náà. Oṣù ń gorí oṣù, owó kò jáde, àwọn ọmọ Bagega sì wà nínú eruku.

MSF àti Human Rights Watch kò dẹ́kun sísọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọ̀dọ́ kan, tí Hamzat Lawal tó dá àjọ Connected Development sílẹ̀ wà lára wọn, gbé ìpolongo #SaveBagega jáde. Ohun tí wọ́n dì mú kò lọ́jú pọ̀: owó tí ẹ ṣèlérí náà, ìgbà wo ló máa jáde? Owó náà jáde ní oṣù kìíní ọdún 2013, iṣẹ́ ìfọ̀mọ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀lé e, àwọn dókítà sì wá rí ọ̀nà láti tọ́jú àwọn ọmọ ibẹ̀. Inú ìpolongo yìí ni ètò Follow The Money, èyí tó ń tọpinpin owó ìjọba ní àwọn ìgbèríko, ti jáde.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ orí Twitter nìkan ló ṣe iṣẹ́ yìí. Ohun tó mú kí ó ṣòro fún ìjọba láti yẹ̀ ẹ́ ni pé iye owó ní pàtó wà nílẹ̀, ìlérí ní gbangba wà nílẹ̀, orúkọ abúlé kan wà nílẹ̀, àwọn dókítà tó mọ iṣẹ́ wọn sì ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí owó kò bá dé. Ẹni tó bá pariwo pé “ìjọba kò ṣe nǹkan kan fún wa” kò tíì ní ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ta ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀hónú ń kú sí. Ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí kọ́ ló ni ín.

Nàìjíríà ní ìjọba ìbílẹ̀ 774. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin ọdún 1999 ka iṣẹ́ wọn sílẹ̀: àwọn òpópónà àdúgbò àti iná ojú pópó, gọ́tà, ọjà, gáréèjì ọkọ̀, ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbòò, itẹ́ òkú, ibi ìpẹran, kíkó ilẹ̀ àti ìdọ̀tí, fífún òpópónà lórúkọ àti ilé ní nọ́ńbà, títí kan ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó. Tó bá jẹ́ pé gọ́tà ọjà ló dí, ẹ má kọ̀wé sí sẹ́nétọ̀. Káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín àti alága ìjọba ìbílẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé le díẹ̀ ju èyí lọ, nítorí pé ìjọba ìbílẹ̀ àti ti ìpínlẹ̀ jọ ń dá sí wọn ni, owó ìjọba àpapọ̀ sì tún máa ń wọ inú rẹ̀. Ní ti ọ̀nà ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ti ìjọba àpapọ̀ ni tàbí ti ìpínlẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń rí sí iṣẹ́ òde ní Abuja àti àjọ FERMA ló ni títún ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ṣe. Gómìnà lè dá sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojúṣe rẹ̀.

Tí iṣẹ́ náà bá ní pátákó, ẹ ya fọ́tò pátákó náà kí òjò tó pa á rẹ́. Orúkọ iléeṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ jáde ṣe pàtàkì ju orúkọ olóṣèlú tí wọ́n kọ gàdàgbà síbẹ̀ lọ.

Owó inú ìṣúná kì í ṣe owó tó ti jáde

Tí ẹ bá rántí ohun kan péré nínú àlàyé yìí, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ èyí. Lára ọ̀rọ̀ tí kò péye tó ń kiri jù lórí iṣẹ́ ìjọba ni “wọ́n ti gba owó yìí”, nígbà tó jẹ́ pé inú ìwé ìṣúná nìkan ni ẹni tó ń sọ ọ́ ti rí i.

Ìwé ìṣúná jẹ́ àṣẹ láti náwó, kì í ṣe owó gan-an. Tí ilé ìgbìmọ̀ bá ti fọwọ́ sí i tí ààrẹ tàbí gómìnà sì ti buwọ́ lù ú, ìjọba ṣì máa dúró dé ìgbà tí owó bá wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún iléeṣẹ́ náà láṣẹ láti ná iye kan nínú rẹ̀. Iléeṣẹ́ á wá gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe, á san owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún un, á sì máa san ìyókù bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ. Iṣẹ́ lè dúró sí ibikíbi nínú ìrìn àjò yìí. Ó lè wà nínú ìṣúná kí owó má jáde rárá. Owó lè jáde kí wọ́n má tíì rí agbaṣẹ́ṣe. Agbaṣẹ́ṣe lè gba owó ìbẹ̀rẹ̀ kí ó sì sá lọ. Ìbéèrè tó yẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ẹni tó sì yẹ kó dáhùn yàtọ̀.

Ẹ tún wo ọdún rẹ̀ dáadáa. Wọ́n máa ń sún apá iṣẹ́ ńláńlá nínú ìṣúná ìjọba àpapọ̀ síwájú wọnú ọdún tó tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ìṣúná ọdún 2024, tí wọ́n ṣì ń ná an nínú ọdún 2025. Ẹni tó bá sọ ní oṣù kìíní pé iṣẹ́ ọdún tó kọjá “ti kùnà” lè máa yára jù. Iṣẹ́ kan náà sì tún lè fara hàn nínú ìṣúná ọdún méjì tàbí mẹ́ta tẹ̀léra. Ó lè jẹ́ ìtẹ̀síwájú iṣẹ́ àtijọ́, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n kàn tún un kọ. Ìwé ìsanwó nìkan ló lè yanjú èyí.

Ìwé ìṣúná ìjọba àpapọ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní budgetoffice.gov.ng. Ó gùn, ó sì le kà lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ lè wá orúkọ ìlú yín nínú rẹ̀. Ẹ gbìyànjú oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ orúkọ náà, torí pé àṣìkọ pọ̀ níbẹ̀. Àjọ BudgIT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2011, ní ètò kan tó ń jẹ́ Tracka tó ti ń to àwọn iṣẹ́ yìí sí ìpínlẹ̀ àti ẹkùn ìdìbò láti ọdún 2014. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ń gbé ìṣúná tiwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é kíákíá.

Níbi iṣẹ́ àkànṣe ẹkùn ìdìbò ni àṣìgbọ́ ti pọ̀ jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 100 bílíọ̀nù náírà ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún irú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 2019, ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, sọ níbi àpérò kan tí àjọ ICPC ṣe pé tírílíọ̀nù kan náírà ni wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún un láàrín ọdún mẹ́wàá, tí aráàlú kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí ipa rẹ̀. Ìbínú tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Síbẹ̀, wọn kì í ka owó náà lé aṣòfin lọ́wọ́. Òun ló máa dárúkọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ àti ibi tí ó fẹ́ ẹ sí. Iléeṣẹ́ tàbí àjọ ìjọba kan ni owó náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀, òun ló sì máa wá agbaṣẹ́ṣe. Èyí kò túmọ̀ sí pé ọwọ́ gbogbo aṣòfin mọ́. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé tí ẹ bá bi aṣòfin nìkan, ó lè sọ pé owó kò sí lọ́wọ́ òun, òótọ́ ni yóò sì sọ. Àjọ tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà nínú ìṣúná ni kí ẹ kọ̀wé sí, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí aṣòfin.

Irú rẹ̀ náà wà ní ti ìjọba ìbílẹ̀. Lóṣooṣù ni iye tó kan ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti inú àpò àpapọ̀ máa ń jáde, àwọn ènìyàn á sì máa pín in kiri pé “iye tí alága wa gbà nìyí”. Abala 162 nínú ìwé òfin sọ pé inú àpò àjùmọ̀ní tí ìpínlẹ̀ ń ṣàkóso ni kí owó náà gbà. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ pàṣẹ pé kí wọ́n máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ fún un tààrà. Ìdájọ́ kan ni èyí jẹ́, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé e sì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ pé “iye tó kan ìjọba ìbílẹ̀ wa nìyí”, kí ẹ sì fi ìyókù ṣe ìbéèrè: èló ló dé ọwọ́ yín nínú rẹ̀, kí ni ẹ fi ṣe?

Ìwé tí ẹ máa kọ

Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2011, ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìwífún lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ ìjọba. FOI ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìpínlẹ̀ kan ń sọ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kan àwọn. Ẹjọ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Edo, tó dá lórí ìwífún nípa iṣẹ́ àkànṣe tó jẹ mọ́ àrùn HIV, ló yanjú rẹ̀: ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé òfin náà de ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Tí òṣìṣẹ́ kan bá tún sọ fún yín pé “FOI kò dé ìpínlẹ̀ yìí”, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló ń sọ.

Ẹ kò nílò lọ́yà láti kọ ọ́. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí, ẹ fi orúkọ àti ọdún tó yẹ sí i:

“Sí Ọ̀gá Àgbà iléeṣẹ́ yìí. Ìbéèrè fún ìwífún lábẹ́ òfin FOI ti ọdún 2011. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ tí abala 1 òfin yìí fún mi, mo ń béèrè fún ẹ̀dà àwọn ìwé wọ̀nyí lórí kíkọ́ yàrá ìkàwé mẹ́ta ní ilé ẹ̀kọ́ báyìí, ní wọ́ọ̀dù báyìí, ní ìjọba ìbílẹ̀ báyìí, tó wà nínú ìṣúná ọdún báyìí: ìwé àdéhùn iṣẹ́ náà, pẹ̀lú orúkọ agbaṣẹ́ṣe, iye owó iṣẹ́ àti ọjọ́ tó yẹ kí ó parí; àkọsílẹ̀ gbogbo owó tí ẹ ti san lórí rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ san án; àti ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ náà ti parí, tó bá wà. Mo ṣetán láti san owó ṣíṣe ẹ̀dà ìwé. Mo ń retí èsì yín láàrín ọjọ́ méje, gẹ́gẹ́ bí abala 4 ṣe sọ.”

Ẹ kíyè sí i pé ìwé ni a béèrè fún, a kò béèrè àlàyé. Tí ẹ bá kọ ọ́ pé “kí ló dé tí iṣẹ́ kò tíì parí?”, ìtàn gígùn ni ẹ máa gbà: òjò, ọ̀wọ́n gógó sìmẹ́ǹtì, ìjọba tó kọjá. Tí ẹ bá béèrè ìwé ẹ̀rí ìparí iṣẹ́, yálà kí wọ́n fún yín, tàbí kí wọ́n sọ pé kò sí. Èyíkéyìí nínú méjèèjì wúlò. Tí wọ́n bá fún yín ní ìwé tó sọ pé ilé ẹ̀kọ́ ti parí, tí fọ́tò tí ẹ̀yin fúnra yín yà sì fi hàn pé ìpìlẹ̀ nìkan ló wà nílẹ̀, ẹ ti ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ẹ tẹ ìwé náà ní méjì. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó gbà á fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí èkejì tó máa wà lọ́wọ́ yín. Láìsí òǹtẹ̀ yìí, ẹ kò ní ẹ̀rí pé ẹ kọ ìwé rárá. Ẹ lè fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ímeèlì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀, ìwé tó ní òǹtẹ̀ ló dára jù.

Wọ́n lè bi yín pé “Ta ló rán yín? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?” Òfin sọ pé kò pọn dandan kí ẹni tó ń béèrè sọ ìdí rẹ̀. Bàbá tàbí ìyá tí kò mọ̀wé kọ náà lè béèrè: ó lè rán ẹlòmíràn, tàbí kí ó fi ẹnu sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, òṣìṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó sì fún un ní ẹ̀dà kan. Owó kan ṣoṣo tí wọ́n lè gbà ni owó ṣíṣe ẹ̀dà àti àdàkọ ìwé. Tó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn ni ìwé náà wà, àwọn ló yẹ kí wọ́n fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ síbẹ̀ láàrín ọjọ́ mẹ́ta, ó pẹ́ tán ọjọ́ méje, kí wọ́n sì sọ fún yín. Wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un tí ìwé tí ẹ béèrè bá pọ̀ gan-an tàbí tí ó bá gba pé kí wọ́n bá àwọn ẹlòmíràn sọ̀rọ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n lè kọ̀ láti fún yín: ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè, ohun tó lè ba ìwádìí ọlọ́pàá jẹ́, ọ̀rọ̀ ara ẹni àwọn òṣìṣẹ́, àṣírí òwò àwọn iléeṣẹ́. Tí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nínú ìwé, kí wọ́n sì dárúkọ abala òfin tí wọ́n dúró lé. “Ọ̀gá kò sí nílé” kò sí nínú àwọn abala náà.

Tí ọjọ́ méje bá kọjá

Ìdákẹ́jẹ́ náà jẹ́ èsì. Òfin kà á sí pé wọ́n ti kọ̀. Láti ìgbà náà, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́. Tí ilé ẹjọ́ bá rí i pé wọn kò ní ìdí láti kọ̀, owó ìtanràn 500,000 náírà wà nínú òfin. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ tàbí tó yí i padà kó tó di pé ó fún yín lè lọ sí ẹ̀wọ̀n, ó kéré tán ọdún kan.

Ká sọ òtítọ́, ilé ẹjọ́ ń gba owó, ó sì ń gba àkókò. Ẹjọ́ Edo tí a mẹ́nu bà lókè pẹ́ ju ọdún mẹ́wàá lọ kó tó parí. Ìdí nìyí tó fi dára kí ẹ má dá nìkan kọ ìwé, kí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, ẹgbẹ́ ọlọ́jà tàbí ẹgbẹ́ àwọn òbí àti olùkọ́ jọ fọwọ́ sí i. Àwọn àjọ bíi SERAP àti Media Rights Agenda ti gbé irú ẹjọ́ yìí lọ sí kóòtù rí. Ọ̀nà tí kò ná yín lówó ni àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, Public Complaints Commission, tó ti wà láti ọdún 1975, tó sì ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá ní ẹ̀rí pé wọ́n san owó lórí iṣẹ́ tí kò sí, ICPC ni kí ẹ gbé e lọ bá. Láti ọdún 2019 ni wọ́n ti ń lọ wo àwọn iṣẹ́ ẹkùn ìdìbò ní ojúkò wọn, wọ́n sì ti mú kí àwọn agbaṣẹ́ṣe kan padà sẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n pa tì.

Àwọn kan á ní kí ẹ kàn pe aṣòfin yín padà sílé. Abala 69 nínú ìwé òfin gbà á láàyè, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé iye tó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà lọ ló fọwọ́ sí i, kí INEC sì yẹ ìfọwọ́sí wọn wò kí wọ́n tó dìbò lórí rẹ̀. Ní Kogi West ní ọdún 2018, ìdá 5.34 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò péré ni INEC rí pé ìfọwọ́sí wọn péye. Ní Kogi Central ní ọdún 2025, 208,132 ènìyàn nínú 474,554 ló fọwọ́ sí i, ìdá 43.86 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, kò sì tó. Tí ẹ bá rí ìwé kan lórí WhatsApp tó ní “ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìfọwọ́sí ti tó”, irọ́ ni.

Kí ẹ tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín. Ẹ ya fọ́tò tó fi ohun tí gbogbo ará àdúgbò mọ̀ hàn: orúkọ ilé ẹ̀kọ́, mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìkóríta. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ yà á. Ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn oṣù kan láti ibi kan náà. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló fi fọ́tò ránṣẹ́ sí yín, ẹ fi Google Lens wò ó kí ẹ tó tún un fi ránṣẹ́. A ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé fọ́tò ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní ó wà ní ìpínlẹ̀ kan ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún pípẹ́, ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ibi tí wàhálà rẹ̀ wà ni pé lọ́jọ́ tí àṣírí fọ́tò náà bá tú, iléeṣẹ́ tí kò ṣe iṣẹ́ náà á ní àwáwí. Wọ́n á ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ omi tí kò yọ omi á sì di ohun ìgbàgbé.

Ẹ kọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ má kọ ohun tí ẹ rò. “Iṣẹ́ yìí wà nínú ìṣúná, a lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ báyìí, ìpìlẹ̀ la bá, a kọ̀wé béèrè, wọn kò tíì dáhùn” ti tó. “Olè” jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kóòtù ló máa sọ. Ìdí mìíràn tún wà fún ìṣọ́ra yìí. Wọ́n ti fi òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 mú àwọn tó sọ̀rọ̀ lòdì sí àwọn aláṣẹ rí. Ní ọdún 2024 ni wọ́n tún abala 24 rẹ̀ kọ, tí ó fi jẹ́ pé lára ohun tó kà léèwọ̀ báyìí ni ọ̀rọ̀ tí ẹni tó fi ránṣẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì fẹ́ fi dá rúkèrúdò sílẹ̀ tàbí fi ẹ̀mí ẹnìkan sínú ewu. Ẹni tó ní ìwé tí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti fọ́tò tó ní ọjọ́ ní ohun tó lè fi gbèjà ara rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ tó ti wà nílẹ̀

Kí ẹ tó dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, ẹ béèrè bóyá àwọn tó wà nílẹ̀ ṣì ń ṣèpàdé. Ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tí òbí, olùkọ́ àti ará àdúgbò wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní SBMC. Ó yẹ kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan náà ní ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù, èyí tó ń bá ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ṣe ètò iṣẹ́ rẹ̀. Owó wà fún méjèèjì láti òkè. Òfin ètò ẹ̀kọ́ ọdún 2004 ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ìdajì tirẹ̀ wá kí ó tó rí owó ilé kíkọ́ gbà nínú rẹ̀. Òfin ìlera ọdún 2014 ya ó kéré tán ìdá kan sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀. Tí wọ́n bá sọ fún yín pé kò sí owó, ìbéèrè tó kàn ni bóyá ìpínlẹ̀ yín ti mú ìdajì tirẹ̀ wá.

Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìgbìmọ̀ yìí wà lórí ìwé nìkan, tàbí kó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń fọwọ́ sí gbogbo nǹkan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tàbí nọ́ọ̀sì àgbà ọjọ́ tí ìpàdé kàn, kí ẹ sì lọ. Ẹ sọ pé kí wọ́n ka ìwé ìpàdé tó kọjá. Láàrín oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá ni ọ̀pọ̀ gómìnà máa ń gbé ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ lọ sí ilé ìgbìmọ̀, nítorí náà ohun tí àdúgbò yín bá fẹ́ kí wọ́n fi sí i ti gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ káńsẹ́lọ̀ àti aṣòfin ìpínlẹ̀ yín ṣáájú ìgbà náà, nínú ìwé, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lórí ẹ̀dà tiyín.